Má Wá Agboolé Níbi Tí Kò Sí: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Wíwá Oko Àwọn Baba Ńlá ní Skọ́tlándì

Ìdílé àgbẹ̀ ni ìdílé ọkọ mi, ní Aberdeenshire, apá àríwá ìlà-oòrùn Skọ́tlándì. Nígbà tí bàbá ọkọ mi pé àádọ́rin ọdún, wọ́n ní ohun kan ṣoṣo làwọn ń fẹ́: ká mú àwọn dé ilé tí wọ́n bí baba ńlá àwọn sí lọ́dún 1859. Mo ní ìyẹn ò le. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Béèrè ilé baba mi lọ́wọ́ mi, màá mú ọ dé agboolé, màá sì fi ojú oórì hàn ọ́. Èrò yẹn ló ṣì mí lọ́nà. Sátidé mẹ́ta gbáko la fi wa mọ́tò kiri láàárín pápá màlúù ká tó mọ̀ pé a ò tíì mọ ohun tí à ń wá.

Àṣìṣe tó bí àwọn yòókù nìyẹn: à ń wá agboolé fún ẹni tí kò ní agboolé rí. Ọ̀pọ̀ jù lọ àgbẹ̀ Skọ́tlándì nígbà náà kò ní ilẹ̀. Àwọn ọlọ́lá ló nilẹ̀. Àgbẹ̀ ń san owó fún wọn bí ẹni ń san ìṣákọ́lẹ̀, àdéhùn ọdún 19 sì wọ́pọ̀. Lábẹ́ àgbẹ̀ wọ̀nyí làwọn alágbàṣe wà, àwọn tó ń fi ẹṣin tulẹ̀, tó ń da màlúù, tó ń fún wàrà. Àpọ́n a gba iṣẹ́ oṣù mẹ́fà, ẹni tó ti láya a gba ti ọdún kan. Iṣẹ́ ló ni ilé. Bí oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kọkànlá bá dé tí àdéhùn parí, wọ́n á kó ìkòkò, bẹ́ẹ̀dì àtọmọ sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó di oko ẹlòmíràn.

Ìwé ìkànìyàn ọdún 1861 ló là mí lójú. Baba: atulẹ̀. Ìyàwó. Ọmọ mẹ́fà. Níbi tí wọ́n kọ ibi tí wọ́n bí kálukú sí, mo fi ìka tọ̀ ọ́ wálẹ̀: Tarves, Methlick, Tarves, Fyvie, New Deer, Methlick. Ọmọ mẹ́fà, párìṣì (agbègbè tí ìjọ kan ń bójú tó) mẹ́rin. Mo wá rí ibi tí wọ́n ti ka iye yàrá tó ní fèrèsé: 1. Èèyàn mẹ́jọ, yàrá kan. Ilé tí à ń wá bí ẹni ń wá ààfin nìyẹn. Mo pe bàbá ọkọ mi wá wò ó. Wọn ò sọ̀rọ̀; wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wò.

Nítorí náà, má sọ pé ilé ìdílé lò ń wá. Mú ọjọ́ kan, ọjọ́ ìbí tàbí ọjọ́ ìgbéyàwó, kí o wá ilé ọjọ́ yẹn.

“Milton” ló wà lórí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ìbí. Mo tẹ̀ ẹ́ sí Google, mo mú èyí tó sún mọ́ wa jù, ibẹ̀ la lọ ní Sátidé àkọ́kọ́. Ibi tí ọlọ ìlọkà wà ló ń jẹ́ Milton, àìmọye oko ló sì ní ọlọ. Ó dà bí ẹni tó ń béèrè “Ìta Ọjà” láì dárúkọ ìlú. Párìṣì ni kí o kọ́kọ́ dì mú, orúkọ oko ló tẹ̀ lé e. Ṣọ́ra fún Upper (ti òkè), Nether (ti ìsàlẹ̀), Easter (ti ìlà-oòrùn) àti Wester (ti ìwọ̀-oòrùn) níwájú orúkọ oko pẹ̀lú: oko ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, wọ́n kàn jọ ń jẹ́ orúkọ kan ni. “Mains of” ni ti oko tí ọlọ́lá fúnra rẹ̀ ń dá. Mo ti rí ẹni tó rí Mains lórí ìwé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn pé ọmọ ọlọ́lá lòun, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń fọ ẹṣin níbẹ̀ ni baba ńlá rẹ̀.

Má fi máàpù òde òní wá oko àtijọ́. Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Skọ́tlándì ti gbé máàpù Ordnance Survey, àjọ tó ń ya máàpù ilẹ̀ Britain, tí wọ́n wọ̀n láàárín 1843 sí 1882 sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, o sì lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tí wọ́n yà látòkè lóde òní. Fojú sí bí wọ́n ṣe ya ilé. Èyí tó ní òrùlé, wọ́n kun inú rẹ̀. Èyí tó ti di ahoro, ìlà lásán ni wọ́n fi yí i ká. Lórí máàpù àkọ́kọ́, àmì dúdú kékeré kan wà létí odò nítòsí Milton wa. Lórí èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn rẹ̀, inú rẹ̀ ti ṣófo. Àwọn tó wọn ilẹ̀ náà tún kọ ìwé orúkọ, níbi tí wọ́n ti sọ ohun tí ibì kọ̀ọ̀kan jẹ́ àti ẹni tó jẹ́rìí sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Wọ́n gbé e sórí ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ ScotlandsPlaces.

Orúkọ ńkọ́? Má fi orúkọ ọkọ nìkan wá obìnrin. Ìwé Skọ́tlándì sábà máa ń kọ orúkọ ilé baba ìyàwó, ó sì ń ràn wá lọ́wọ́ gan-an. Àṣà wọn ni pé àkọ́bí ọkùnrin a máa jẹ́ orúkọ bàbá-bàbá rẹ̀, nítorí náà bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ọkùnrin mẹ́ta tí baba wọn ń jẹ́ John bá bímọ ọkùnrin ní párìṣì kan, John mẹ́ta lo máa bá níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àtẹ ìdílé tí wọ́n ń dà kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́.

Má ro pé ìwé ìjọba ti wà láti ayébáyé. 1855 ni ìforúkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìjọ ló wà ṣáájú, kò sì kún: láti 1783 sí 1794 owó orí wà lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, àwọn tálákà sì ń sá fún un, lọ́dún 1843 ìjọ pín sí méjì. Nínú ìkànìyàn 1841, wọ́n gé ọjọ́ orí àgbàlagbà wálẹ̀ sí márùn-ún márùn-ún, torí náà ẹni “30” lè jẹ́ 34. ScotlandsPeople, ìkànnì ìjọba tí àwọn ìwé wọ̀nyí wà, ń gba owó lórí àwòrán ìwé kọ̀ọ̀kan. Wo àtòkọ orúkọ tó jẹ́ ọ̀fẹ́ dáadáa kí o tó sanwó.

Bó bá jẹ́ Sutherland, lápá àríwá Skọ́tlándì, ni tìrẹ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Wọ́n lé àwọn èèyàn Strathnaver, àfonífojì kan níbẹ̀, kúrò lórí ilẹ̀ lọ́dún 1814 àti 1819 kí àgùntàn lè ráyè, ọ̀pọ̀ sì bọ́ sétí òkun. Oko kékeré etí òkun tó wà lórí ìwé kì í ṣe orísun. Yíjú sí inú àfonífojì.

Ìkẹyìn, má kàn wọ inú ọgbà ẹni. Òfin 2003 jẹ́ kí èèyàn lè rìn lórí ilẹ̀ Skọ́tlándì, àmọ́ kò kan àyíká ilé onílé. A kọ lẹ́tà ṣáájú. Àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí kò bá wa tan rárá, síbẹ̀ ó mú wa dé etí odò náà. Òkúta díẹ̀ ló kù, àti ewé ajónilára bí èsìsì, rẹpẹtẹ. Ó ní níbi tí ewé yẹn bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí.

Bàbá ọkọ mi fi ẹsẹ̀ wọn ìpìlẹ̀ náà: ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ní gígùn, mẹ́fà ní ìbú. Wọ́n dúró láàárín, wọ́n wò yíká, wọ́n wá bi mí pé apá ibo ni mo rò pé fèrèsé náà wà.