Oògùn Ṣáínà fún Psoriasis: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Wá Lówó, Tó Tún Ń Jẹ Wá Lára

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni arákùnrin kan gbé àpò ọ̀rá wọ yàrá ìtọ́jú mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì da ohun tó wà nínú ẹ̀ sórí tábìlì. Àgbo oríṣi mẹ́rin, ìpara mẹ́ta, ìgò kan tí kò ní ju àwòrán dírágónì lára. Mo lo ọdún márùn-ún ní Guangzhou nídìí ìṣègùn Ṣáínà, mo mọ̀wé wọn kà, síbẹ̀ mi ò rí nǹkan kan kà lára ìgò yẹn. Owó tó ti ná lé ní ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Psoriasis, àrùn awọ ara ẹ̀, tó wà ní ìgbọ̀nwọ́ nìkan tẹ́lẹ̀ ti gba gbogbo ẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n máa lò nínú wọn?"

Mo ní kó kọ́kọ́ kó gbogbo ẹ̀ kúrò níwájú mi ná.

Inú tó bí mi lọ́jọ́ náà ni mo fi ń kọ èyí. Èmi alára ní psoriasis, ó ti lé lógún ọdún, mi ò sì ní jókòó máa ṣàlàyé ohun tó jẹ́. Ẹni tí ìpẹ́ funfun ń já bọ́ lórí ẹ̀ sí èjìká kóòtù dúdú kò nílò àlàyé.

Àkọ́kọ́: ẹ má fi orúkọ ọjà ra oògùn. Ohun táwọn èèyàn ń pe psoriasis ní ìgboro Ṣáínà ni niú pí xuǎn, ìyẹn làpálàpá awọ màlúù. Àwọn náà ṣì í pè bí ìyá àgbà mi ṣe ṣì í pè, tó ń fi ewé àsúnwọ̀n òyìnbó ra mí lára láràárọ̀ nítorí ó gbà pé làpálàpá ni. Làpálàpá kọ́. Ẹni tó bá fi orúkọ yẹn wá oògùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè rí oògùn làpálàpá rà, kó sì máa fi pa ohun tí kò kàn án. Yín xiè bìng ni ilé ìwòsàn wọn ń pè é lónìí, àrùn ìpẹ́ fàdákà. Bái bǐ ló wà nínú ìwé àtijọ́.

Èkejì: oògùn ẹlòmíì kì í ṣe oògùn yín. Ẹnì kan á ju orúkọ àgbo sórí WhatsApp, ogún èèyàn á ti rà á kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìṣègùn Ṣáínà kì í wo psoriasis bí ohun kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ tuntun, tó ń pọ́n, tó ń yára tàn, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ló gbóná, wọ́n á wá egbòogi tó ń mú un tutù bíi shēng dì. Bó bá ti pẹ́, tó gbẹ, tó sì fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ ló gbẹ, dāng guī ni wọ́n sábà máa ń fi bọ́ ọ. Bó bá nípọn, tó ṣú, tí kò kúrò lójú kan, ẹ̀jẹ̀ ló dì, ibẹ̀ ni dān shēn ti ń wọlé. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ gbẹ tó wá ń mu àgbo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ gbóná, kí ló ń ṣe?

Ibi tí àwa aláwọ̀ dúdú ti ń ṣìnà gan-an nìyí. Ara pupa ni gbogbo àwòrán inú ìwé wọn. Lára tiwa, ohun tó pọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn ní pupa. Á dà bí àlùkò, tàbí bí eérú. Ní ọdún kejì mi nílé ìwé, mo wo ìgbọ̀nwọ́ mi nínú dígí, mo rí àwọ̀ àlùkò, mo ní ẹ̀jẹ̀ dídì ni, ó tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi mu àgbo tí mo kọ fún ara mi, nǹkan náà sì ń ràn bí iná inú ọ̀yẹ́. Olùkọ́ mi ní kí n yọ ahọ́n síta. Ó pọ́n bí ata ṣọ̀ǹbọ̀: ẹ̀jẹ̀ gbígbóná ni, kì í ṣe dídì. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí táwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níta fi wọlé wá wòran.

Ẹ̀kẹta, èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù: ìpara tí wọn ò kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é sára ẹ̀. "Ewé lásán ni." "Ọjọ́ mẹ́ta péré." Tí mo bá gbọ́ ọjọ́ mẹ́ta báyìí, orí mi á gbóná. Àgbo àti ìpara ewé gidi tí mò ń lò, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ la fi ń retí kí nǹkan tó yí padà, ìgbà míì kò tilẹ̀ yí padà. Kí ló wá ń ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta?

Ní 1999, àwọn dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù yẹ ìpara ewé Ṣáínà mọ́kànlá wò, irú èyí táwọn aláìsàn awọ ara ń lò. Mẹ́jọ nínú wọn ló ní dexamethasone. Dexamethasone kì í hù lóko. Sìtẹ́rọ́ìdì ni, oògùn òyìnbó tó máa ń yára mú kí ara tó pọ́n rọlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìpara tí wọ́n fi ń bóra nílé, ẹ mọ ìdílé tí mò ń sọ: àwọn clobetasol tí wọ́n ń rọ́ sínú ẹ̀ láìsọ fẹ́nì kan.

Mi ò ní kí ẹ sá fún sìtẹ́rọ́ìdì o. Èyí tí dókítà bá kọ ní orúkọ, ó ní agbára tí a mọ̀, ó ní iye ọjọ́. Èyí tó sá pamọ́ sínú ìpara ewé kò ní ìkankan. Màmá kan wá láti Lewisham, ó ra tiẹ̀ ní pọ́n-ùn 25. Lọ́jọ́ kẹrin ara ti dán. Màmá ń fi pa ojú, ó ń fi pa abẹ́ ọmú, ó ra mẹ́ta fún àwọn ọmọ ìjọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìpara tán ní ṣọ́ọ̀bù. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí psoriasis fi padà, ó sì mú ọ̀rẹ́ wá: gbogbo ara pọ́n, ó wú, ó ń gbóná, ó ń bó bí àlùbọ́sà. Ilé ìwòsàn ni mo ní kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, torí irú èyí lè pa èèyàn. Nígbà tó dé, ẹ mọ ohun tó bi mí? "Ọmọ mi, ṣé o lè bá mi wá ìpara yẹn níbòmíì?"

Mo lọ jókòó sínú ọkọ̀ mi fún ìgbà díẹ̀.

Níbo la kàyé dé? Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ẹ má dá methotrexate, oògùn tí dókítà máa ń kọ fún psoriasis tó le, dúró láìsọ fún dókítà yín nítorí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àgbo.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ife fa ara yín tàbí ha yín lára nígbà tí psoriasis ń jà. Ibi tí awọ bá ti bó tàbí gbọgbẹ́, ibẹ̀ ni òmíràn ń yọ sí.

Bí oríkèé bá ń le lówùúrọ̀, tí ìka sì ń wú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti awọ. Ẹ lọ rí dókítà oríkèé.

Ti oúnjẹ: àwọn aláìsàn mi á fi ata sílẹ̀, wọ́n á fi ẹran àgùntàn sílẹ̀, àmọ́ wọn ò ní fi bíà sílẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín kì í pariwo. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àgbo, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń mu ún lọ, ẹ tún un ṣe. Bái xiǎn pí, tí wọ́n máa ń fi sínú àgbo awọ ara dáadáa, ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́. Léi gōng téng ń dín psoriasis kù lóòótọ́, ó sì ń dá nǹkan oṣù obìnrin dúró, ó ń dín irúgbìn ọkùnrin kù. Guān mù tōng burú jù, kíndìnrín ló ń jẹ, ó sì ń fa jẹjẹrẹ. Ṣáínà fúnra ẹ̀ ti fòfin dè é láti 2003. Ní 2010, ẹjọ́ obìnrin kan tó fi ọdún mélòó kan gbé irú ewé bẹ́ẹ̀ mì nínú oògùn oníhóró, nítorí awọ ara ẹ̀, dé Old Bailey, kóòtù ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù. Kíndìnrín ẹ̀ ti lọ.

Ó wá ku qīng dài, ìyẹ̀fun aró wọn, èyí tí gbogbo yín ń béèrè lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti wo fídíò. Òun ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n á rẹ ewé, wọ́n á fi ẹfun sísun kún omi ẹ̀, wọ́n á lù ú títí á fi hó, wọ́n á wá kó ìfófò ẹ̀ sá gbẹ. Ní Tàíwàn, àwọn dókítà dán an wò lára èèyàn 42, ìpara ẹ̀ lápá kan, ìpara tí kò ní in lápá kejì, wọ́n tẹ àbájáde jáde ní 2008: apá tó ní qīng dài ló sàn jù dáadáa. Fífi pa ara ni o. Ẹ má gbé e mì. Ní 2016, ìjọba Japan kìlọ̀ nípa ẹ̀ nítorí àwọn aláìsàn ìfun tó ń mu ún, tí ìfúnpá iṣan ẹ̀dọ̀fóró wọn lọ sókè.

Ẹ̀yin ọmọ aláró náà, mo gbọ́ yín: "Ṣebí ẹ̀lú náà ni?" Aró inú wọn bára tan, àmọ́ igi wọn yàtọ̀, omi eérú tó sì wà nínú ìkòkò aró lè bó awọ tó ti gbọgbẹ́. Àbúrò kan ní Abẹ́òkúta ti fẹ́ bu tiẹ̀ ní Ìtòkú kí n tó bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Bẹ́ ẹ bá sì máa lo qīng dài, ẹ má sùn lórí aṣọ funfun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo pò ó mọ́ òróró, mo fi kun orúnkún, mo sì sùn lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí ìyá ìyàwó mi fi ta wá lọ́rẹ. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ìyàwó mi tó ti ibi iṣẹ́ dé. Kò lọ. A ti fi ṣe kọ́tìnì yàrá ìtọ́jú báyìí, àwọn aláìsàn sì máa ń bi mí pé níbo ni mo ti ra àdìrẹ yẹn.