Omi Ló Ń Ṣáájú Òrí: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Awọ Tí Oòrùn Jó

Bí oòrùn bá jó èèyàn lára, òrí tàbí àdí àgbọn ni ọ̀pọ̀ máa ń sáré gbé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Ooru ṣì wà nínú awọ lásìkò yẹn. Ọ̀rá á dé e mọ́bẹ̀, ìrora á sì máa pọ̀ sí i. Ẹ fi omi lé ooru jáde ná.

Àwọn àfín ló ń jìyà oòrùn jù láàárín wa, torí awọ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ní èròjà dúdú tó ń gbèjà awọ. Ẹni tó ń fi ìpara bóra náà wà nínú ewu, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń lo oògùn bíi doxycycline tàbí Septrin. Ẹni tó dúdú dáadáa kò yọ sílẹ̀ o. Pípọ́n lè má hàn lára rẹ̀, nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibẹ̀: bó bá gbóná ju ibi tí aṣọ bò lọ, tó ń fà, tó sì ń ta á, oòrùn ti jó o. Ó lè tó wákàtí 3 sí 5 kí ó tó hàn, ó sì máa ń le jù láàárín wákàtí 12 sí 24. Ẹ má dúró dìgbà tó bá le.

Ẹ bọ́ sábẹ́ òrùlé. Ẹ rẹ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú omi tó tutù bí omi àmù, ẹ fún un díẹ̀, ẹ fi lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ sì máa ṣe é léraléra. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ láti inú táǹkì orí ilé, ẹ jẹ́ kó ṣàn dànù ná, torí ó máa ń gbóná lọ́sàn-án. Ẹ má lo yìnyín. Ó lè pa awọ tó ti fara gbọgbẹ́ lára. Ẹ má nu ún gbẹ: ẹ fi tówẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kó ṣì tutù díẹ̀.

Àlóè ló kàn. Ẹ gé ewé tó nípọn nídìí, ẹ nà án ró sínú ife fún ìṣẹ́jú 15, kí ojú ibi tí ẹ gé kọ sísàlẹ̀. Oje aláwọ̀ ìyeyè kan á kán jáde. Oje yìí ló ń mú kí ara yún àwọn kan, tí wọ́n á ní àlóè kò bá àwọn lára mu. Ẹ ṣan ewé náà, ẹ gé ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, ẹ bó èèpo, kí ẹ fi ṣíbí ha èyí tó ń yọ̀, tó mọ́ gaara. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí kọ́lọ́fín ìgúnpá fún ìṣẹ́jú 30. Bí kò bá yún yín, ẹ fi pa ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ fi ìyókù sí fìríìjì, kó má ju ọjọ́ 2 lọ.

Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ kàn án rárá: omi rẹ̀ pẹ̀lú oòrùn lè mú kí ara lé ròrò fúnra rẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín, iyọ̀, Robb, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn, ẹ gbé gbogbo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí tí ara á fi san.

Ẹ mu omi dáadáa. Àgbàlagbà lè lo parasitamó 500 mg méjì. Kó tó wákàtí 4 sí 6 kó tó tún lò ó, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ má fún ọmọdé ní asipirín.

Bí ara bá lé ròrò, ẹ má bẹ́ ẹ. Awọ tó bò ó ló ń dènà kòkòrò àrùn. Bí ròrò náà bá gba ibi tó fẹ̀, tàbí tí òtútù ń mú ẹni náà, tó ń bì, tí òòyì ń kọ́ ọ, ilé ìwòsàn ló yá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ dúró de èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí.

Lẹ́yìn ọjọ́ 2 tàbí 3, nígbà tí ibẹ̀ kò gbóná mọ́, tó wá gbẹ, tó ń bó, àkókò òrí nìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ rà á títí yóò fi yọ́, kí ẹ fi pa ara fẹ́lẹ́ lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹ má fa èèpo tó ń bó ya.

Kí àfín máa wo etí, ọrùn, ètè àti ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ lóṣooṣù. Egbò tàbí èépá tó bá pé ọ̀sẹ̀ 4 tí kò san kì í ṣe ti àlóè mọ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ.