Kí kọngílá tó gbẹ́lẹ̀: ta ló máa ṣe kí ni?

Ọdún tá à ń kọ́lé ẹ̀gbọ́n mi l'Ógbómọ̀ṣọ́, lápá Arówómọlé, omi ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Kì í ṣe owó o, omi. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, kàǹga ẹ̀gbẹ́ sáìtì ti gbẹ, kọngílá ní onílé ló máa ra omi táńkà, ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo lórí fóònù láti Èkó pé ṣé òun ò ti sanwó iṣẹ́ ni, èmi tí mo dúró fún un wà láàárín, àwọn bíríkìlà ti lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò wọ́n ń tayò. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìgbà tá a wá yẹ ìwé àdéhùn wò, kò sí ọ̀rọ̀ omi níbẹ̀, iye owó àti sáìnì nìkan ló wà nínú ẹ̀.

Torí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ilé fún kọngílá, ẹ kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbé fún un. Ṣé lébọ̀ nìkan ni, tẹ́yin á máa ra sìmẹ́ǹtì, irin àti yanrìn fúnra yín, àbí òun ló máa ra gbogbo ẹ̀? Tó bá jẹ́ lébọ̀ nìkan, irin tí wọ́n bá jí lóru, ọrùn yín ló máa já sí, àfi tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ pé òun ló ń ṣọ́ ọ. Tó bá jẹ́ òun ló ń rà á, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: bùlọ́ọ̀kù 9 íǹṣì, irin mélòó, páànù wo, ó nípọn tó báwo. "Ojúlówó" tí wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ti onílé ni ilẹ̀, sọ́fè àti pé kí wọ́n ti fọwọ́ sí pláànù ní táòn pláníìn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ náà, onílé ló máa bá wọn yanjú, kọngílá ò gbọdọ̀ máa bá wọn du ṣọ́bìrì. Tí ìjọba bá wá fi ọ̀dà pupa kọ STOP WORK sára ògiri torí pé ẹ ò gba àṣẹ, ọjọ́ tó bá ṣòfò ò ní sí lọ́rùn kọngílá. Onílé gbọ́dọ̀ tètè mú táìlì àti ọ̀dà tó fẹ́, kó sì sanwó lásìkò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọjá lára kọngílá lọ sọ fún bíríkìlà pé kó sún fèrèsé sọ́tùn-ún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí nǹkan padà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ jọ mọ iye tó máa lé lórí owó àtijọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Kọngílá ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé pláànù, kó sanwó àwọn tó kó wá síṣẹ́ (kí kápẹ́ńtà má wá máa kanlẹ̀kùn yín), kó sì máa bomi sí kọnkéré fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Kò gbọdọ̀ yọ ọparun abẹ́ dẹ́kìn títí injiníà á fi ní ó tó.

Injiníà ńkọ́? Ẹni tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín san owó fún ni kó jẹ́, kó sì ní nọ́ńbà COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ injiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó wá wo irin kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Tiwa ò rójú wá lọ́jọ́ yẹn, mo bá mú àjákù irin 12mm tó ṣẹ́kù láti fáúndéṣọ̀n, mo gbé e ti èyí tí wọ́n ti ká sórí dẹ́kìn, ó hàn pé 10mm ni wọ́n kó síbẹ̀. Kọngílá ní, "Àbúrò, irin ni irin ń jẹ́." Irọ́ ni! Tẹ́ ẹ bá gé méjèèjì tẹ́ ẹ wo ojú ibi tẹ́ ẹ gé, 10mm fi bí ìdá 30 nínú 100 kéré sí 12mm. A ní kó tú u. Ó bínú, ó tú u.

Ọ̀rọ̀ owó: ẹ má san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fún un ní èyí tó máa fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa san án bí iṣẹ́ bá ṣe ń dé fáúndéṣọ̀n, líntẹ́lì, òrùlé. Ẹ dá díẹ̀ dúró, 5 nínú 100 ló wọ́pọ̀, fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tó bá parí, torí ilé tó parí ní Oṣù Kejìlá, òjò ò tíì dán an wò. Tó bá jò láàárín ìgbà náà, òun ló máa tún un ṣe lówó ara ẹ̀. Tí kò bá sì jò, ẹ fún un lówó ẹ̀ o, ẹ má fi ṣe tara yín.

Sìmẹ́ǹtì tó bá wọ́n sí i lójijì ńkọ́? Ẹ kọ iye tí báàgì kan jẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ sáìnì sílẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ẹni tó máa ru àlékún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ kọ orúkọ ẹni tó dúró fún yín sínú ìwé náà àti iye tó lè fọwọ́ sí láìbi yín. N kò ní irú ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta yẹn lọ báyẹn.

Ẹ tún kọ orúkọ ẹnìkan tẹ́ ẹ jọ gbà pé kó máa là yín níjà kó tó di kóòtù. Tiwa, bàbá kan tó ń ṣe sọ̀fíyọ̀ ní Tákíè la sáré lọ bá, bàbá ní ká ra táńkà méjì, kí kọngílá ra ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n tún padà gbé ṣọ́bìrì.