Bẹ́ ẹ ṣe lè fi iná UV pa kòkòrò inú omi ìdọ̀tí tẹ́ ẹ ti tọ́jú

Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń tọ́jú omi ìdọ̀tí ní ẹ́sítéètì tàbí òtẹ́ẹ̀lì yín, tẹ́ ẹ sì fẹ́ máa fi omi tó ń jáde níbẹ̀ ṣan tọ́ílẹ́ẹ̀tì tàbí kẹ́ ẹ máa fi wọ́n òdòdó, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa kòkòrò àìfojúrí inú ẹ̀. Klóríìnì lọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, kò burú, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí Cryptosporidium, ìyẹn kòkòrò kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, pa, iná UV sì ń ká a dáadáa.

Gílóòbù UV tó wọ́pọ̀ jù máa ń tan iná tó wà ní 254 nanómítà, ojú wa ò lè rí i. Á wọnú kòkòrò yẹn lọ, á ba DNA ẹ̀ jẹ́, kò wá ní lè bí sí i mọ́, èyí tí ò bá sì lè bí sí i ò lè kó àìsàn bá èèyàn. Ṣùgbọ́n ibi tí iná yẹn ò bá dé, kò sóhun tó máa ṣe kòkòrò tó wà níbẹ̀ o.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé kẹ́ ẹ tó ra gílóòbù, omi yín gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ bù ú lọ sí láàbù, kí wọ́n wo TSS ẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ tó ń léfòó, kí wọ́n tún wo UVT, ìyẹn iye iná UV tó lè la omi yẹn kọjá. Tí TSS bá ti ju 30 miligíráàmù nínú lítà kan lọ, ẹ má tíì náwó sórí UV rárá, àwọn kòkòrò á kàn sá sẹ́yìn ìdọ̀tí bí ẹni tó sá fóòrùn sábẹ́ igi ni. Ẹ fi fílítà yanrìn síwájú ẹ̀. Ẹ má sì fi ojú lásán wò ó o, áyọ́ọ̀nù, ìyẹn irin tó ti yòrò, lè wà nínú omi tó mọ́ lójú, kó sì máa gbé iná yẹn mì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, iye omi tó ń wá nígbà tó pọ̀ jù, bí àárọ̀ tí gbogbo ilé ń wẹ̀, ni kẹ́ ẹ sọ fún wọn, torí bí omi bá ṣe ń sáré tó ni iná ṣe ń kéré lára ẹ̀. Fún omi tó ti gba inú fílítà yanrìn, ìlànà kan ní Amẹ́ríkà fún àtúnlò omi ní kí iná tó bà á tó 100 mJ/cm² (mílíjúùlù lórí sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó kan), kí UVT ẹ̀ má sì dín ní 55%.

Ọ̀rọ̀ NEPA ló wá kù, èyí gan-an ló ń ká mi lára jù. Tómi bá ń fúnra ẹ̀ ṣàn, tí wọ́n mú iná lọ, omi ò ní dúró, á kàn máa kọjá lọ bẹ́ẹ̀ láìsí ohun tó pa kòkòrò inú ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi fáàfù tó máa ń ti ara ẹ̀ tíná bá lọ sí i, kẹ́ ẹ sì gbé gílóòbù sórí ínfátà. Tíná bá dé, kí páńpù má tíì ṣiṣẹ́ àfi tí gílóòbù bá ti gbóná fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ẹ máa yọ quartz, ìyẹn dígí àrà ọ̀tọ̀ tó bo gílóòbù, kẹ́ ẹ fi fínígà tàbí citric acid nù ún pẹ̀lú aṣọ rírọ̀. Tó bá fọ́, ẹ má fi dígí lásán rọ́pò ẹ̀, iná UV yìí ò lè la dígí kọjá. Ọdún kan tí ò kú rí jẹ́ wákàtí 8,760, ẹ wo iye wákàtí tó wà lára páálí, tó bá ti pé kẹ́ ẹ pààrọ̀ gílóòbù yẹn, bó tiẹ̀ ṣì ń tàn búlúù. Ẹ pa á kẹ́ ẹ tó ṣí i o, ó ń jó ojú! Mẹ́kúrì wà nínú ẹ̀, ẹ má jù ú sí gọ́tà.

UV kì í fi nǹkan kan tó máa ṣọ́ omi sílẹ̀ sínú ẹ̀, àwọn kòkòrò kan sì lè tún ara wọn ṣe tí ìmọ́lẹ̀ bá bà wọ́n, torí náà inú táǹkì tó ní ìdérí tí ò sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé ni kẹ́ ẹ da omi náà sí. Omi mímu kọ́ o. Ẹ máa bu omi ṣáájú UV, kẹ́ ẹ tún bù ú lẹ́yìn ẹ̀, kí láàbù ka E. coli, ìyẹn kòkòrò inú ìgbẹ́, tó wà nínú méjèèjì fún yín.