Àmì eérú lára ewé ọsàn: ṣé àrùn ni, àbí láíkìn?

Ìbéèrè: Ewé ìsàlẹ̀ igi ọsàn mi kún fún àmì roboto aláwọ̀ eérú. Mo ti fọ́n oògùn kọ́pà sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ dá oògùn dúró ná. Ó jọ Strigula, láíkìn tó ń gbé lára ewé níbi tó móoru tí òjò sì pọ̀. Láíkìn kì í dá gbé: fọ́ńgọ́ọ̀sì (ẹbí olú) ló kọ́lé, álígà (ohun abẹ̀mí kékeré tó ń ṣe bí ewéko) tó ń jẹ́ Cephaleuros ló ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ nínú rẹ̀. Abẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tó ń dán lójú ewé ni àwọn méjèèjì wà, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣe é nù kúrò. Bí oògùn bá tilẹ̀ pa á, àmì rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ títí ewé yóò fi já bọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ já ewé bíi 5 níbi tí òjìji ti pọ̀, ẹ fi omi rin ín, kí ẹ fi èékánná ha àmì náà díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣí kúrò tí ewé abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, láíkìn ojú ewé lásán ni, bíi Porina. Ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá fọ́ tí omi jáde, kòkòrò ni. Bí awọ ewé bá ń bá a ṣí, Strigula ni: ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 wò ó, ẹ ó rí àwọn tóótòòtó dúdú tí irúgbìn fọ́ńgọ́ọ̀sì ń gbà jáde.

Èyí tó pupa bí ìpẹtà, tí irun rẹ̀ rí bí aṣọ àrán, Cephaleuros tó dá wà ni. Òun ni kí ẹ ṣọ́, torí ó máa ń wọ ẹ̀ka igi tí kò lágbára, ẹ̀ka náà a sì gbẹ.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó jẹ́ ara ewé àgbà nìkan ni àmì náà wà?

Ìdáhùn: Ó ń lọ́ra dàgbà. Òjò ló ń gbé irúgbìn fọ́ńgọ́ọ̀sì kiri, ó sì gbọ́dọ̀ bá álígà pàdé lórí ewé tuntun kó tó di láíkìn. Ewé tí kò tíì pẹ́ lórí igi kò tíì rí gbogbo ìyẹn.

Bó bá ti pọ̀ jù, ẹ gé ẹ̀ka tó fún pọ̀ kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá, ẹ ro ìdí igi, kí ẹ la ọ̀nà fún omi tó dúró. Ẹ má já ewé tó ní àmì dànù o. Ó ṣì ń bọ́ igi. Kìkì bí èyí tó pupa bá ti dé ẹ̀ka ni kí ẹ gé èyí tó gbẹ, kí ẹ sun ún, kí ẹ sì fọ́n kọ́pà níwọ̀n tí ara agolo rẹ̀ kọ.