Páìpù Ìsàlẹ̀ Òkun Dí: Ohun Tí Ẹ Kò Gbọdọ̀ Ṣe

Tí ọyẹ́ bá mú ní Ìjẹ̀bú-Òde, epo pupa màmá mi a máa dì nínú kẹ́ẹ̀gì. Wọn kì í fi igi gún un. Wọ́n á gbé e sójú oòrùn, wọ́n á padà sídìí gàrí tí wọ́n ń yan. Lórí òkun níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìkánjú ni wàhálà wa.

Àwọn ará ilé máa ń rò pé páìpù wa kò yàtọ̀ sí ti Mosimi, ibùdó epo tó wà ní Ṣágámù. Epo tí wọ́n ti fọ̀ ló wà nínú ìyẹn. Nínú tiwa, epo rọ̀bì, gáàsì àti omi ló jọ ń ṣàn. Ní Bonga, ibi tí wọ́n ti ń wa epo nínú òkun Nàìjíríà, òkun jìn ju mítà 1,000 lọ, òtútù ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bíi dígíríì 4. Gáàsì àti omi á wá dì pọ̀ di háídírétì, ohun tó jọ yìnyín, tí kì í dúró de dígíríì òdo kó tó dì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó dí i. Ìda epo rọ̀bì náà ń dí páìpù, ṣùgbọ́n methanol tó ń tú háídírétì kò ràn án. Ẹni tó dà á sí ìda, owó ló dà sómi.

Èyí tó ń pààyàn ni kí ẹ tú prẹ́ṣọ̀ sílẹ̀ láti apá kan ṣoṣo. Gáàsì tó há sẹ́yìn á ta odidi yìnyín náà bí ọta ìbọn, ibi tí páìpù bá ti ṣẹ́ kọ́nà ni yóò ti bẹ́. Àbúrò kan níbi iṣẹ́ ti gbá fáàfù mú lọ́jọ́ kan, ó ti yí i díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo gbá mú. Ó ní géèjì tó ń wọn prẹ́ṣọ̀ ní apá kejì ti wà lódo. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n yìnyín tó dí páìpù lè pé méjì, kí gáàsì sì há sáàárín wọn tí géèjì kankan kò ní rí i. Prẹ́ṣọ̀ apá méjèèjì la jọ ń dín kù, díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má sì mú àárín yìnyín náà gbóná. Háídírétì lítà kan lè tú gáàsì tó lítà 160 jáde; tí kò bá rọ́nà gbà, páìpù ni yóò fọ́. Fífi prẹ́ṣọ̀ kún un náà, ṣe ló ń mú un le sí i.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi dúró kó tó tú nígbà ti àbúrò yẹn. Ọ̀gá ń pè ní wákàtí wákàtí.