Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi kò tíì kú

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, kò sì sí ọjọ́ tí wọn kì í ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn láti kọ ohun tí wọ́n tà, iye tí wọ́n tà á àti orúkọ oníbàárà tí ó jẹ wọ́n ní gbèsè sílẹ̀. Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà náà nígbà tí wọ́n rà á, ààyè ìrántí rẹ̀ kò ju gígábáìtì 4 lọ, ṣùgbọ́n ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún. Ní ìparí ọdún 2025 ni ìkìlọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú ẹ̀rọ náà lemọ́lemọ́, pé Windows 10, ètò tí ó ń darí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kò ní rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó máa ń bá wọn tún un ṣe, ẹni náà sì sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ ra òmíràn, nítorí pé èyí ti kú. Wọ́n pè mí lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, ó ní ó ti kú. Ṣé èyí tí mo fi kọ ọjà lónìí yìí náà ni ó kú?"

Òótọ́ ni ìkìlọ̀ náà. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft, ilé-iṣẹ́ tí ó ni Windows, parí àtìlẹ́yìn fún Windows 10, tí ó ti wà lóde láti ọdún 2015, àyàfi fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, èyí tí ó jẹ́ ibi ìpamọ́ kékeré fún àwọn kọ́kọ́rọ́ àṣírí inú kọ̀ǹpútà, ó sì ń béèrè ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ní ti ọpọlọ ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ Intel ń ṣe, láti ìran kẹjọ sókè ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí a fọwọ́ sí wà. Ìran kẹfà ni ti ẹ̀gbọ́n mi. N kò sọ pé ìdí tí Microsoft fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò nítumọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó ní irú ibi ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣòro fún olè láti wọ̀. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà tí ètò kan kò bójú tó mọ́ àti kọ̀ǹpútà tí ó kú kì í ṣe ọ̀kan náà. Télọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ránṣọ títí di òní, kò sì sí ẹni tí ó ránṣẹ́ sí i láti òkèèrè pé ọjọ́ ẹ̀rọ náà ti pé. Èrò tí mo mú wọ inú iṣẹ́ yìí ni pé ẹni tí ó fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ ni ó ni àṣẹ láti sọ ìgbà tí iṣẹ́ ẹ̀rọ náà parí.

Linux Mint, ọ̀kan nínú ẹbí Linux, ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ti ń ṣe, ni mo yàn láti fi rọ́pò rẹ̀. Linus Torvalds ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Linux ní ilẹ̀ Finland ní ọdún 1991, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ṣùgbọ́n ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1983, ni Richard Stallman ti kéde ní Amẹ́ríkà iṣẹ́ tí ó pè ní GNU, láti kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè lò kí ó sì yí padà. Ohun tí Stallman ń jà fún ni pé ẹni tí ó ń lo sọ́fítíwíà gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti lò ó fún ohunkóhun tí ó bá wù ú, láti wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ kí ó sì yí i padà, láti fún aládùúgbò rẹ̀, àti láti pín èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti tún ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rò pé owó tí a kò san ni àǹfààní rẹ̀. Lójú tèmi, owó ni ó kéré jù lọ nínú rẹ̀. Ìdí tí mo fi mú Mint láàárín àwọn ẹbí Linux tí ó pọ̀ ni pé ojú rẹ̀ jọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ti mọ̀, pé gígábáìtì 4 tó fún un, àti pé ẹ̀dà 22 tí mo lò yóò máa gba àtúnṣe ààbò títí di ọdún 2029.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo da gbogbo fáìlì wọn kọ sórí háàdì díìsìkì kan, mo sì tún da á kọ sórí òmíràn, nítorí pé ẹ̀dà kan ṣoṣo kò tó. Àwòrán aṣọ ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ìyẹn kò sì nira. Ibi ìwé owó ni mo ti bá ìṣòro tí n kò retí pàdé. Ètò kékeré kan tí wọ́n rà ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n fi ń kọ ọjà wọn. Orí Windows nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, inú fáìlì kan tí ètò mìíràn kankan kò lè kà ni ó sì ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ sí. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ó kó àkọsílẹ̀ náà jáde gẹ́gẹ́ bí tábìlì lásán, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn pé kí a kọ́kọ́ san owó láísẹ́ǹsì ọdún tuntun. Inú bí mi gidigidi. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, àwọn ni wọ́n kọ gbèsè kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ wọ́n ní láti ra ọ̀nà tí ìwé ara wọn yóò gbà jáde.

A kò san án. Ètò náà ṣì ń gbà kí a wo àkọsílẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan kí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí náà dípò bébà mo sọ oṣù kọ̀ọ̀kan di PDF, títí tí mo fi kó oṣù 46 jọ. PDF dára fún kíkà, kò dára fún ìṣirò, nítorí náà a tún ní láti tẹ gbogbo gbèsè tí a kò tíì san tán àti ọjà ọdún kan sẹ́yìn sínú tábìlì tuntun. Fún alẹ́ mẹ́ta, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama jókòó sí pálọ̀, òun ń kà, èmi ń tẹ̀. Ní alẹ́ kejì ni ó dé ibì kan tí ó kọ "owo oko", ó dúró, ó sì ké sí ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, owó wo nìyí o? Ṣé owó ọkọ̀ ni àbí owó ọkọ?" Ẹ̀gbọ́n mi wá wò ó, wọ́n ronú fún ìgbà díẹ̀, wọn kò sì lè sọ. Lóòótọ́ ni wọ́n ń sanwó ọkọ̀ láti gbé aṣọ, lóòótọ́ náà sì ni ọkọ wọn yá wọn lówó láti fi kún ọjà lọ́dún náà. Ìyàtọ̀ ńlá ni ó wà láàárín ìnáwó tí ó ti lọ àti gbèsè tí a gbọ́dọ̀ dá padà. Ní ìgbà 11 ni a bá "owo oko" pàdé nínú ọdún kan yẹn, mẹ́rin nínú rẹ̀ ni a kò rí ojútùú sí títí di bí mo ti ń kọ èyí.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Nàìjíríà ṣe ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹ̀dà dátà tí ilé-iṣẹ́ kan ní nípa òun fúnra rẹ̀, ní irú ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè kà. Òfin tí ó dára ni, mo sì máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti lò ó. Ṣùgbọ́n ìwé ọjà ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, mo sì gbà pé ó yẹ kí òfin dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ta ètò ìwé owó fún oníṣòwò gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀nà àbájáde sílẹ̀ fún un láìgba kọ́bọ̀, yálà oníṣòwò náà ṣì ń sanwó tàbí ó ti dáwọ́ dúró.

Iṣẹ́ tí ó kù kò tó bẹ́ẹ̀. Fáìlì Linux Mint fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 3. Òru ni mo gbà á sórí kọ̀ǹpútà tèmi, nítorí pé dátà òru kò wọ́n. Lẹ́yìn tí ó wọlé tán, mo ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, tí n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ka èyí fò. Mo ṣírò àmì SHA256 fáìlì náà, tí í ṣe nọ́ńbà àti lẹ́tà 64, mo sì fi í wé èyí tí àwọn tí ó ṣe é kọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun kékeré kan péré yí padà nínú fáìlì, àmì náà yóò yàtọ̀ pátápátá. Mo tún yẹ ìbuwọ́lù tí àwọn tí ó ṣe é fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí wọn ṣe sórí àkọsílẹ̀ àmì náà wò. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, àwọn olè wọ ojú ìwé Linux Mint fúnra rẹ̀, wọ́n sì darí àwọn ènìyàn sí fáìlì kan tí wọ́n ti fi ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sí, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí olè lè gbà wọlé. Olè tí ó lè pààrọ̀ fáìlì lè pààrọ̀ àmì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbuwọ́lù nira fún un láti ṣe ayédèrú rẹ̀.

Mo kọ fáìlì náà sórí fláàṣì, mo sì fi fláàṣì bẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi láìfi ohunkóhun sórí díìsìkì rẹ̀, nítorí pé Linux Mint gbà kí ènìyàn dán an wò bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ sí ìsọ̀ wọn, mo sì sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lò ó di ọ̀sán. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, n óò yọ fláàṣì yìí, gbogbo nǹkan yóò sì wà bí ó ṣe wà." Ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn ni ibi tí WhatsApp wà, mo sì ṣí i fún wọn nínú Firefox, ètò tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wo àwòrán aṣọ, wọ́n ṣí tábìlì gbèsè nínú LibreOffice, ètò ìwé àti ìṣirò, wọ́n kó owó méjì pọ̀, wọ́n sì ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Fífi sórí díìsìkì kò gbà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, mo sì rí i dájú pé bátìrì kún kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí iná má baà lọ láàárín rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "owo oko" kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí náà kíbọ́ọ̀dù ni mo fi ọjọ́ kejì ṣe. Nínú ètò Linux, bí a bá wá Nàìjíríà láàárín àwọn kíbọ́ọ̀dù, a ó rí Háúsá, Ìgbò àti Yorùbá lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan jókòó, ó kọ ọ́, ó fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan láti ṣe bẹ́ẹ̀. Òmìnira tí Stallman ń jà fún nìyẹn, ní ojú tí ẹ̀gbọ́n mi lè rí. Ìlú Abẹ́òkúta yìí náà ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere kan, ti tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa, tí ó ń jáde títí di ọdún 1867 tí wọ́n lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò nílùú. Ó dùn mí pé ní ìlú kan náà, oníṣòwò tí ó mọ èdè rẹ̀ dájú ń kọ ìwé owó rẹ̀ láìní àmì, nítorí pé kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n tà fún un kò mọ̀ pé èdè náà wà.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú èyí mọ̀. Nínú Unicode, ètò tí ó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ wọ́n, lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní; ńṣe ni kọ̀ǹpútà máa ń to àmì ohùn tẹ̀ lé lẹ́tà náà. Ó ṣeé ṣe kí fóònù kan to é pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, kí kọ̀ǹpútà sì to ẹ pẹ̀lú àmì òkè. Ọ̀kan náà ni méjèèjì lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò ni yóò kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ṣẹlẹ̀ pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá "ẹlẹ́kọ" nínú tábìlì, àwọn aṣọ tí wọ́n kọ láti orí fóònù kò jáde. Ìlà mẹ́fà ti Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀ di irú kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, àdìrẹ ẹlẹ́kọ gbogbo sì jáde pọ̀.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn kò kọ́kọ́ dáhùn, ó gbà mí ní odidi ìrọ̀lẹ́ kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀sẹ̀ kẹfà nìyí tí wọ́n ti ń lò ó. Ọmọ wọn fi ọ̀dà èékánná funfun sàmì sí àwọn bọ́tìnnì tí lẹ́tà alámì ìsàlẹ̀ wà, kí wọ́n lè tètè rí wọn. Nígbà tí mo yà ní ìsọ̀ wọn ní Sátidé tí ó kọjá, ẹni tí ó gbé aṣọ wá láti ibi tí wọ́n ti ń pa á láró ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó rẹ̀ tán ni. Ẹ̀gbọ́n mi fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, wọ́n fi ìka kan tẹ "owó ọkọ̀", wọ́n sì yí ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ mi kí n rí i.